Kọ̀ǹpútà Tó Bá Ọwọ́ Yaomei Mu

Bí ọmọ ilé ìwé kan bá ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ní ìlú òkèèrè lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìka Ran Yulian ló kọ́kọ́ kan bọ́tìnnì náà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà ní ìlú Chongqing. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gba orí bẹ́líìtì dé iwájú rẹ̀, yóò ṣí i, yóò tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè mọ̀ pé kò sí èyí tó kú nínú wọn, yóò fi aṣọ nu ojú rẹ̀, yóò sì tì í síwájú. Bó bá ti tì í, òmíràn ti dé. Lẹ́yìn náà wọn a dì wọ́n sínú páálí, wọn a kó páálí sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di ìlú àwọn òyìnbó.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà yẹn kò ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì rí. Ìdí ọmọ ẹlòmíràn ni Yulian ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí lójoojúmọ́, owó tó ń gbà níbẹ̀ ló sì fi ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lórí òkè ní Youyang. Yaomei ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ihò òkè tí ọkọ̀ ojú irin máa gbà kọjá lọ́nà jíjìn ní ìwọ̀ oòrùn, òun náà kì í wálé. Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Arúgbó, ọmọdé àti adìẹ ló kù ní abúlé wọn. Gbogbo ẹni tó bá ti lápá ti wà nílé iṣẹ́ kan tàbí òmíràn.

Àárò ọmọ náà ń sọ Yulian. Bó bá gbọ́ tí ọmọ kan ké "Màmá!" nínú ọjà, á yíjú padà kó tó rántí pé ọmọ tirẹ̀ kò sí nínú ìlú. Ọdún mẹ́ta ni kò ti lọ bá wọn ṣọdún tuntun. Lọ́dún àkọ́kọ́, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Lọ́dún kejì, ọ̀gá wọn ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nígbà ọdún, ìlọ́po mẹ́ta ni owó rẹ̀, Yulian sì fọwọ́ sí i. Lọ́dún kẹta, ó tún fọwọ́ sí i. Ní gbogbo ọdún tí kò lọ yìí, ó ń fi ẹrù ránṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló ń wọn ọmọ fún un. Bó bá jẹ́ bàtà ni wọ́n fẹ́ rà, arúgbó náà á ní kí Yaomei gbẹ́sẹ̀ lé pépà, á fi pẹ́ńsùlù tọ ẹsẹ̀ náà yípo, á sì gé e jáde, bí àwọn ìyá tiwọn ti ń ṣe láyé àtijọ́ nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fi ń rán àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bó bá jẹ́ ẹ̀wù, á fi òwú wọn ọmọ láti ọrùn dé orúnkún, á ta òwú náà ní kókó, á sì fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì kó gbé e lọ sí Chongqing. Ẹ má bá a sọ ti nọ́ńbà bàtà tàbí ti ẹ̀wù. "Nọ́ńbà a máa purọ́," ni yóò wí, "òwú kì í purọ́." Abẹ́ ìrọ̀rí ni Yulian ń kó àwọn ẹsẹ̀ pépà náà sí nínú yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà mìíràn, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á mú ọ̀kan, á gbé e lé àyà, á sì dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ọdún kẹrin kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ fi fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pè é.

"Yulian! O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ń sanra, èmi ni mò ń rù. Gbọ́, olùkọ́ Yaomei ní kí òbí tó bá lágbára ra kọ̀ǹpútà fọ́mọ. Ó ní ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ṣebí ohun tí ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn nìyẹn? Wọn kì í bu èènì fún yín ni?"

Yulian bú sẹ́rìn-ín. "Èènì kẹ̀! Màmá, wọ́n ń tú ara wa wò ká tó jáde. Ìṣó kékeré lásán, wọn ò ní jẹ́ ká mú un kọjá."

"Ahun ni wọ́n. Rà á fún un nígbà náà."

"Mo máa rà á. Yaomei ńkọ́? Ẹ gbé fóònù fún un."

"Ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Nígbà kan, ọmọ náà a máa já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, á máa ké pe ìyá rẹ̀ títí etí á fi ho. Ní báyìí, ìgbàkígbà tí Yulian bá pè, iṣẹ́ ilé ìwé ni. Ta ló gbọ́ pé iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó mú inú Yulian dùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà nìyí. Kọ̀ǹpútà ní kámẹ́rà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n kì í wí pé etí lọ̀rọ̀ wà. Bí Yaomei bá ti ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì á máa rí ojú ara wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé ò sì ní gba ojú ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó lè ra èyí tó dára, ó tún lọ fi orúkọ sílẹ̀ pé òun á ṣiṣẹ́ nígbà ọdún. Ẹ wo ìṣírò ọmọ aráyé: ó fẹ́ rí ojú ọmọ, ó wá lọ ta ọjọ́ tí ì bá fi rí i.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó lọ sọ́jà kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Luo, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ọ̀gbẹ́ni Pang tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yà sí ń jẹ núdù aláta nígbà tí wọ́n wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin arẹwà!"

"Àwa kì í ṣe arẹwà, òṣìṣẹ́ ni wá," ni Luo dá a lóhùn. "Fi ẹnu dídùn yẹn jẹ núdù rẹ. Kọ̀ǹpútà la fẹ́ rà, fún ọmọ ilé ìwé."

"Kíláàsì wo lọ́mọ wà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama," ni Yulian wí.

"Ẹ kú oríire. Ṣé á máa gbé e rìn?"

"Ilé ìwé ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá ń bọ̀ nílé, òkè ló ń gùn."

"Ẹ má ra èyí tó wúwo nígbà náà, kó má baà gba ẹ̀yìn ọmọ. Kí bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e dalẹ́. Ìrántí inú rẹ̀ ò ní láti pọ̀ jù, kì í ṣe gbọ̀ngàn sinimá la fẹ́ kọ́. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń lo awò?"

"Awò kẹ̀? Rárá." Yulian dúró. "Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Pang wò ó díẹ̀, ó wá gbé kọ̀ǹpútà méjì kalẹ̀, kékeré kan àti èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. "Ó ku ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọ bá tóbi, tó bá ń tẹ kékeré yìí, ìka á máa gun orí ara wọn. Bí ọwọ́ bá kéré, tó bá ń tẹ ńlá, á máa na ìka títí ọrùn ọwọ́ á fi máa dùn ún. Báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó?"

Yulian la ọwọ́ òsì, ó fi ìka ọ̀tún sàmì sí àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan. "Báyìí." Ó tún gbé ọwọ́ sí abẹ́ àyà ara rẹ̀. "Ó sì ga tó báyìí." Bó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sórí kọ̀ǹpútà aláwọ̀ osùn kan tí wọ́n ya ehoro sí lẹ́yìn. "Ẹ bá mi gbé ìyẹn. Ó fẹ́ràn ehoro."

Pang gbé igi méjì tó fi ń jẹ núdù kalẹ̀. "Àǹtí, ẹni tí ẹ fi hàn mí yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ṣebí girama lẹ pè?"

Ẹ̀gbọ́n Luo yíjú wo Yulian.

"Ṣé kọ̀ǹpútà lò ń tà ni," ni Yulian fi ìbínú wí, "àbí o ti di ọlọ́pàá?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Bí mo bá tà á fún yín lónìí, ẹ máa dá a padà, ẹ ó sì bú mi. Ẹ lọ béèrè ọwọ́ ọmọ ná. Kọ̀ǹpútà ò ní sá."

Nígbà tí Yulian padà dé yàrá, ó kó àwọn ẹsẹ̀ pépà náà jáde, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, eteetí rẹ̀ ti ń ká. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, bí Yaomei bá dé láti ilé ìwé, ẹ bá mi fi pépà wọn ọwọ́ rẹ̀."

"Ọwọ́ kẹ̀? Ṣé ìbọ̀wọ́ lo fẹ́ rà ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ mu."

"Ayé ti dorí kodò," ni arúgbó náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mo ti ń wá pẹ́ńsùlù."

Nígbà tí ọmọ náà dé ilé ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyá àgbà ló tún pè. Kò béèrè bóyá Yulian ti jẹun.

"Kò jẹ́ kí n wọn òun."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kó gbọ́wọ́ lé pépà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ní n ò ní fún un lẹ́ran jẹ. Ó ní kí n jẹ ẹ́. Ọmọ yìí ti ya olórí kunkun bí tìẹ."

"Ẹ fún un ní fóònù, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Yulian gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ tí ajá gbó, lẹ́yìn náà ó gbọ́ èémí ẹnì kan nínú fóònù. Ohùn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohùn tó mọ̀. Ó ti wúwo, ó ti dàgbà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́."

"Yaomei! Ọmọ mi! Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí wọ́n wọn ọwọ́ rẹ?"

"Wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi, bàtà dé, ẹ̀yin ò dé. Wọ́n wọn ẹ̀yìn mi, ẹ̀wù dé, ẹ̀yin ò dé. Wọ́n wọn itan mi, kẹ̀kẹ́ dé. Ọwọ́ mi ló kù. Mi ò fún wọn."

Ó dá fóònù padà fún ìyá àgbà, ó sì jáde lọ.

Ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ń dé iwájú Yulian, ó ń ṣí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń nu ojú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó bá ti pa a máa dúdú, a sì máa dán, ojú ara rẹ̀ ló ń rí nínú gbogbo wọn, ó sì sú u. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, ó lọ bá ọ̀gá wọn pé kó yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó máa ṣiṣẹ́ nígbà ọdún.

"Ìwọ yìí?" ni ọ̀gá náà wí. "Ìwọ lo bẹ̀ mí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ mi ò jẹ́ kí wọ́n wọn òun."

Ọ̀gá náà wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n Luo ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó bá a di ẹrù, ó fi ata gbígbẹ àpò kan sínú rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, fọ́n ọn sí wọn lójú, kí o sì jókòó."

Bọ́ọ̀sì gba inú ihò òkè kan bọ́ sínú òmíràn, títí ó fi dé Youyang. Yulian fẹsẹ̀ gun ìyókù ọ̀nà náà. Èéfín ẹran tí wọ́n ń yan gbẹ sílẹ̀ de ọdún ń jáde láti gbogbo ilé. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ṣí, ọmọbìnrin gíga kan tó wọ awò ojú dìde nídìí iná. Yulian ti fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé Yaomei dà.

Ó mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí i lójú rẹ̀ pé kò kọ́kọ́ mọ òun.

"Ẹ káàbọ̀," ni Yaomei wí. Ó yí padà, ó fọ́ ẹyin sínú omi tó ń hó, ó da ṣúgà sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà fún ìyá rẹ̀.

Àlejò ni wọ́n ń se omi ẹyin aládùn fún ní òkè wọn. Onílé kì í mu ún. Onílé á lọ bu oúnjẹ nínú ìkòkò fúnra rẹ̀. Yulian jókòó sórí àpótí nínú ilé tí wọ́n bí i sí, ó ń jẹ oúnjẹ àlejò lọ́wọ́ ọmọ tó bí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi rẹ̀ mọ́ ọn. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé ata ló fi sí i ni?" ni ìyá rẹ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó jókòó. "Kọ̀ǹpútà ọ̀hún dà?"

"Mi ò rà á, Màmá."

Yaomei gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọjọ́ wo lẹ ń padà?"

"Ọjọ́ kẹfà ọdún tuntun."

Ọmọ náà mi orí, ó sì ko igi iná pọ̀.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Wọ́n jọ gún ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra fún àkàrà ọdún, wọ́n jọ gbálẹ̀ yàrá, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ju "Ẹ bá mi gbé ìyẹn" àti "Ó ti tó" lọ. Yulian á máa wo ọmọ náà láti ẹ̀yìn, bó ṣe ń pọn omi, bó ṣe ń fi ìka ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó pẹ́ lọ́nà, ó yẹ kó mọ̀ pé ilé ò ní dúró de òun, ṣùgbọ́n ta ló máa ń rò ó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú. Ìyá àgbà ló lé wọn jáde. "Ẹ lọ ra nǹkan tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń yan ara yín lódì. Kí n ráyè sùn."

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, èrò sì kún un. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kọjú sí Yulian, Yulian tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. "Òun ni kí ẹ bi."

Yaomei bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò. Ó gbé ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ó ní ó wúwo. Ó béèrè bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó, nítorí wọ́n máa ń pa iná yàrá wọn nílé ìwé. Ó ní èyí tí ojú rẹ̀ ń dán jù máa ń mú ojú òun ro. Ọ̀kan wá wà láàárín gbùngbùn, aláwọ̀ eérú, kò ní ehoro kankan lẹ́yìn. Ó gbé ìka lé e, ó ń tẹ̀ ẹ́ yára yára. Gbogbo ọdún tí Yulian fi wà nídìí bẹ́líìtì, kò rí i rí kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì láti kọ̀wé. Yíyẹ̀ ẹ́ wò nìkan ni tiwọn.

"Ìyẹn bá a mu," ni obìnrin ọlọ́jà wí. "Ẹ wo bí ìka rẹ̀ ṣe gùn!"

Yulian na ọwọ́ tirẹ̀, ó là á. Yaomei wo ọwọ́ náà. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sókè, ó fi lé ti ìyá rẹ̀, ìka sí ìka. Tirẹ̀ ló fi èékánná kan gùn jù.

"Tiyín kéré," ni Yaomei wí, ẹnu sì yà á.

"Kò kéré tẹ́lẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Yulian fa ọwọ́ sẹ́yìn kó lè mú owó jáde. Ọmọ náà gbá a mú lọ́rùn ọwọ́.

"Màmá, ẹ má sanwó ná."

"Kò wù ọ́ ni?"

"Ó wù mí." Yaomei ò wo ojú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń wò. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń dàgbà. Bí ẹ bá rà á báyìí, ó lè kéré fún mi. Ẹ jẹ́ ká dúró ná. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹ̀yin á padà wá wọ̀n ọ́n wò."

Obìnrin ọlọ́jà fẹ́ sọ pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé kọ̀ǹpútà yìí á bá ọmọ náà dé yunifásítì. Yulian mi orí fún un pé kó má wulẹ̀ sọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kẹfà wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ tó ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bó ti ń mí.

"Ẹ bá wa gbé e padà sórí pẹpẹ," ni Yulian wí. "A ó padà wá."

Wọ́n jáde sínú èrò ọjà. Yaomei ò tíì tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.